Ìlú Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Mú Mi Lọ Wò

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ pé òun fẹ́ mú mi lọ sí Istanbul, ìlú àwọn ará Tọ́kì, fún ìsinmi ọjọ́ díẹ̀, gbogbo àdúgbò wa ní Olódì-Apápá ló bá mi yọ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa gbọ́wọ́ sókè, ó ní kí Ọlọ́run fún òun náà ní irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀. Mo ní àmín. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀gbọ́n mi. Ilé ni.

Ilé tí bàbá wa kọ́ lẹ́yìn tó ti Ìsẹ́yìn wá sí Èkó ni mò ń sọ. Àwa ọmọ méjì péré ló kù, ọmọ ìyá kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi ni dáwódù. Apápá ló ń gbé, nínú ilé ńlá tó ní géètì irin, kò jìnnà sí Liverpool Road níbi tí àwọn tírélà rẹ̀ máa ń tò sí. Èmi ni mò ń gbé ilé bàbá. Ìyàwó mi ti kú, àwọn ọmọ mi sì ti tú ká lọ síbi tí iṣẹ́ gbé wọn lọ. Àwọn ayálégbé ti kó jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí omi tó ń wọlé nígbà òjò àti nítorí àwọn ọkọ̀ epo tó ń dí wa lọ́nà mọ́lé. Ilé tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa ti di ibi tí wọ́n ń gbé tírélà sí. Ti ọwọ́ òsì náà ti dà bẹ́ẹ̀. Tiwa nìkan ló dúró láàárín, bí eyín kan ṣoṣo lẹ́nu arúgbó. Lẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ibẹ̀ la sin ìyá wa sí. Mo máa ń gbá orí sìmẹ́ńtì rẹ̀ láràárọ̀ kí n tó mu tíì.

Ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ pé ká ta ilé náà, tí èmi náà ń sọ pé rárá. Nínú ìdílé wa, dáwódù kì í dá nǹkan ẹbí tà. Ó gbọ́dọ̀ lọ bi ọmọ ìyá rẹ̀, kí ọmọ ìyá rẹ̀ sì dá a lóhùn pé òun gbọ́, òun gbà. Kò sí ìwé kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí i kí ẹnikẹ́ni ré e kọjá rí. Nígbà tí bàbá fẹ́ ta oko kan ní Ìsẹ́yìn, ó wọ lọ́rì lọ bá àbúrò rẹ̀ tí àìsàn ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀, ó jókòó tì í títí ẹni yẹn fi mi orí.

Nítorí náà, mo gbà pé ìjẹ ni Istanbul yìí. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ bọ́ mi yó, kí inú mi dùn, kó wá bi mí. Mo ní màá lọ. Màá jẹ ẹran rẹ̀, màá wo ìlú rẹ̀, tó bá sì bi mí, màá ní rárá. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ká sòótọ́, ìlú náà fúnra rẹ̀ wù mí. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń fọ aṣọ fún wa, tí wọ́n sì ń fi ẹran adìyẹ bọ́ wa lọ́jọ́ Àìkú. Nínú ilé ìkàwé ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí àwòrán Istanbul: mọ́ṣáláṣí olórí roboto, àti omi òkun tó la ìlú sí méjì. Tí mo bá wálé fún ìsinmi, mo máa ń ròyìn rẹ̀ fún ìyá wa níbi tó ti ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n mi á ti wọ́ọ̀fù, níbi tó ti ń ru ẹrù ọkọ̀ ojú omi, dé, sìmẹ́ńtì á ti bo ìpéǹpéjú rẹ̀, á jókòó sórí àpótí. A máa ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú omi láti ibẹ̀ nígbà yẹn, afẹ́fẹ́ sì ń gbé òórùn ìyẹ̀fun wá láti ilé iṣẹ́ tó ń lọ àlìkámà. Mo rò pé èmi àti ìyá nìkan là ń sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ pé ó ń gbọ́, pé yóò rántí orúkọ ìlú náà títí irun wa fi funfun.

Òtútù ń mú gan-an nígbà tí a débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wọ kóòtù lé jalabíà, ó fi báàgì rẹ̀ kọ́ mi lọ́rùn, ó sì bọ́ síwájú. Bó ṣe rí láti kékeré nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ló ń ṣíwájú, àbúrò ló ń gbẹ́rù. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń dùn mí, mo sì ti wo ọ̀nà dáadáa nínú máàpù tí wọ́n fún wa ní òtẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n kò yí nǹkan kan padà. A kọjá ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ńlá náà, a rìn títí a fi já sí àárín àwọn tó ń ta bọ́kẹ́ẹ̀tì àti okùn.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó dà bíi pé a ti kọjá ẹ̀."

"Ta ló kọjá ẹ̀?"

"Àwa ni, sà."

"Ìwọ lo kọjá ẹ̀. Èmi ń na ẹsẹ̀ mi ni." Ó bojú wẹ̀yìn wò mí. "Purofẹ́sọ̀, tó o bá mọ̀nà tó báyìí, kí ló dé tó o ṣì wà ní Olódì?"

Mi ò ṣe purofẹ́sọ̀ rí láyé mi. Ilé ìwé girama ni mo ti kọ́ àwọn ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí tó fi ń pè mí ní purofẹ́sọ̀ nìyẹn.

Nígbà tí a wọ inú mọ́ṣáláṣí náà níkẹyìn, tí mo gbójú sókè, omi bọ́ lójú mi. Bí mo ṣe rí i nínú ìwé ló rí, àmọ́ ìwé ò lè sọ bí ọ̀run ibẹ̀ ṣe ga tó. Ẹ̀gbọ́n mi wo òkè, ó wò mí.

"Ohun tó ò ń sunkún sí nìyí? Ilé àtijọ́? Ká ní Apápá ló wà ni, wọn ì bá ti wó o."

Mo múra sílẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé ọ̀rọ̀ ilé ló ń bọ̀ yìí. Ó ní, "Ṣé o máa mu tíì?"

Bó ṣe ń ṣe mí nìyẹn kiri ìlú. Tó bá ti lanu báyìí, mo ti ní èsì mi lẹ́nu. Ó mú mi wọ ọjà alórùlé, ó ní kí n gbóòórùn ata wọn. Ó mú mi jẹun létí omi, ó yọ egungun ẹja kúrò, ó gbé ẹja náà sínú àwo mi gẹ́gẹ́ bí ìyá ṣe máa ń ṣe fún mi. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti dé nìyí. Ó wò mí títí mo fi gbé e mì.

Ó ní, "O ṣì ń jẹun bí ẹni tí wọ́n máa gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹ̀."

Kò bi mí. Lọ́jọ́ kejì náà, kò bi mí. Mo wá ń rò ó pé bóyá Ọlọ́run ti fi ọwọ́ tọ́ ọkàn rẹ̀, pé bóyá ó kàn fẹ́ fi ìlú tó ti gbọ́ lẹ́nu mi tọrẹ fún mi kí a tó kú. Inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sí i. Mo tiẹ̀ ń gbé báàgì rẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta ni a lọ sí ibi tí wọ́n sin àwọn ọba wọn sí. Yàrá ńlá ni, wọ́n ya òdòdó aláwọ̀ búlúù sí ara ògiri, àwọn pósí tí wọ́n fi aṣọ àwọ̀ ewé bò sì wà ní ìlà ìlà. Pósí ọba wà láàárín. Àwọn kéékèèké yí i ká, àwọn mìíràn nínú wọn kò gùn ju apá mi lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àwọn ọmọ wo nìyí? Ṣé àrùn ló pa wọ́n?"

Mo mọ ìtàn náà láti yunifásítì. Mo sọ fún un pé láyé àwọn ọba kan níbẹ̀, tí wọ́n bá ti fi ọba tuntun jẹ, á ní kí wọ́n fi okùn ṣẹ́dà fún àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́rùn pa, kí ẹnikẹ́ni má baà bá a du àga. Ọmọ ọmú pàápàá wà nínú wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀ṣọ́ fi ìka lé ètè fún un.

"Ọmọ ìyá rẹ̀ ni?"

"Rárá o. Ọbàkan ni wọ́n."

"Ẹn-hẹ́n!" Ó fọwọ́ gbá mi léjìká. "Ọbàkan nìyẹn. Ọmọ ìyá ò jẹ́ pa ọmọ ìyá."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú. Bí a ṣe jáde, tí a jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi, mo ní kí n kúkú fi òpin sí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu yín. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ilé yẹn tẹ̀ríntẹ̀rín."

Ó ń yọ èèpo ara ẹ̀pà. Kò gbójú sókè.

"Ilé wo?"

"Ilé bàbá. Olódì."

"Mo ní ilé wo?"

Ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lórí jalabíà rẹ̀, ó yọ fóònù, ó tẹ̀ ẹ́, ó nà án sí mi.

"Wò ó. Ṣebí ìwòran la bá wá."

Katapílà ni mo rí nínú fídíò tó wà lójú ẹ̀. Mo rí ògiri pálọ̀ wa tí ìyàwó mi ní kí wọ́n kùn ní àwọ̀ sánmà, ó dúró díẹ̀ láìsí òrùlé, ó wá dojú bolẹ̀. Eruku bo gbogbo rẹ̀. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, mo rí ọkùnrin kan tí kò wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó dúró lórí sìmẹ́ńtì ìyá wa, ó ń mu omi inú ọ̀rá. Ọjọ́ tí a wọ bàálù ni. Bóyá a kò tíì kúrò ní ojú ọ̀run Èkó tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá ńkọ́?"

"Ìyá ti kú."

"Sàréè rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó wà níbi tó wà. Ta ló fẹ́ gbé e? Kọnkéré onírin ni àwọn tó ra ilẹ̀ náà máa dà lé e lórí. Nínú gbogbo ọba tó wà nínú ibẹ̀ yẹn, ta ló ní irú ẹ̀?" Ó ju ẹ̀pà sẹ́nu. "Mo ti ní kí wọ́n kó ẹrù rẹ sí yàrá kan nínú bọ́ìsì-kọ́tà mi. Àwọn ìwé ẹ nìkan ni kò ráyè."

Mo ní, "Ẹ ò bi mí." Mo na fóònù rẹ̀ padà sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bi mí."

Ìgbà yẹn ló tó wò mí lójú.

"Ọjọ́ tí bàbá pe àwa méjèèjì sí pálọ̀, tó ní ìwọ ló ń lọ sí yunifásítì, èmi ló ń lọ sí wọ́ọ̀fù, ta ló bi mí? Ìyá jókòó síbẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ṣé ó bi mí? Ìwọ ńkọ́, ṣé o bi mí?"

"Ọmọdé ni mí nígbà yẹn, sà."

"Mi ò ní o kì í ṣe ọmọdé. Mo ní wọn ò bi mí. Èmi náà ò bi ọ́. Ó tán." Ó dìde, ó na ẹ̀yìn rẹ̀. "Dìde, jọ̀ọ́. Ọkọ̀ ojú omi á fi wá sílẹ̀."

Mo dìde. Àwọn kan máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi pariwo. Ta ni mo fẹ́ pariwo sí létí, nílùú tí mi ò gbọ́ èdè wọn? Ilé wo ni mo fẹ́ bínú lọ sí? Mo tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ náà gbé wa lọ sáàárín omi tó la ìlú sí méjì, oòrùn sì yọ. Ó lẹ́wà. Mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, torí pé ó lẹ́wà, èyí tó dùn mí jù nìyẹn. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan kọjá lára wa, kọ̀ǹténà kún un dé ọ̀run. Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí i.

"Ìyẹn lè máa bọ̀ ní Apápá. Kó wá ríbi já ẹrù sí, àbí?"

Ó bẹ obìnrin kan pé kó ya wá ní fọ́tò, ó gbé apá lé mi lọ́rùn.

"Rẹ́rìn-ín. Àwọn ará ilé máa wò ó."

Mo ṣí eyín.

Fọ́tò yẹn ló wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀ báyìí. Tí àlejò bá dé, á ní kí wọ́n ránṣẹ́ pè mí wá láti bọ́ìsì-kọ́tà. Wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ kú oríire o. Ẹ̀gbọ́n tó ń ṣe bíi bàbá nìyí." Mo máa ń ní a dúpẹ́. Oúnjẹ rẹ̀ ni mò ń jẹ.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ti padà sí Olódì. Wọ́n ti mọ odi gíga yí ibẹ̀ ká, ilé mẹ́ta ti di ojúlé kan. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì ò ju ọmọ mi lọ, ó sì fi ọ̀wọ̀ dìde fún mi.

"Papa, who you dey find?"

Mo ní mo fẹ́ kí ìyá mi ni.

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni pé obìnrin kan lè wà níbẹ̀ tóun ò rí. Ó tún wò mí láti òkè délẹ̀, ojú àánú ló fi wò mí, ojú tí wọ́n fi ń wo àgbàlagbà tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń lọ.

"Papa, mama no dey here o. Na only trailer dey."

Tírélà kan tiẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ó ń fọn fèrè. Ọkùnrin náà ní kí n jọ̀ọ́ kí n yà fún un. Mo yà.