Ọjọ́ Tí A Lọ Yan Píánò ní Ìlọrin

Ọ̀rẹ́ mi, tí mo bá ti rántí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kàbà kí a tó ra píánò, òórùn kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ yẹn ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú. Eruku ọyẹ́ ti wọ inú rẹ̀, tí iná bá sì ti wà lára rẹ̀ díẹ̀, á máa rùn bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù fẹ́ jó. Èmi ni mo ń tẹ̀ ẹ́. Bí o fi ìka kàn án jẹ́jẹ́, bí o fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, ariwo kan náà ni yóò pa.

Ọ̀gá akọrin wa, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ṣàìsàn ọ̀fun lọ́dún kan. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò. Ohùn tó máa ń kún ṣọ́ọ̀ṣì dé ẹnu ọ̀nà wá di ohun tí à ń na etí sí. Tó bá ń dá orin lọ́jọ́ ìsinmi, kíbọ́ọ̀dù á bò ó mọ́lẹ̀, àwọn èèyàn á sì máa wo ara wọn. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ó yẹ kó lọ sinmi. Òun náà gbọ́.

Nígbà tí ìjọ gbà láti ra kíbọ́ọ̀dù mìíràn, èmi pẹ̀lú Bàbá, bí a ṣe ń pe ọ̀gá akọrin náà, ni wọ́n rán lọ sí Ìlọrin. A ti kọjá Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ kó tó la ẹnu.

“Ìyàwó wa, èyí tó bá pariwo jù ni ká rà. Abẹ́ ariwo rẹ̀ ni n óò fara pamọ́ sí.”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè bá a rín in.

Ilé ìtajà ohun èlò orin tí a wọ̀ ní Ìlọrin ń rùn fún páálí àti fóòmù tuntun. Lójú ẹsẹ̀ ni Bàbá ti lọ dúró ti kíbọ́ọ̀dù kan tí iná aláràbarà ń tàn lára rẹ̀, tó ní ìlù àti fèrè nínú. Èmi rí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, dúdú, gígùn, tí kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan. Ibi tí ìka ń tẹ̀ lára rẹ̀ wúwo bíi ti píánò onígi tí mo fi kọ́ orin nílé ìwé. Mo rọra tẹ̀ ẹ́, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ le, ó dáhùn sókè.

“Kí lèyí máa ṣe fún wa?” ni Bàbá wí. “Kò ní ìlù nínú.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ bá mi kọ orin kan.”

“Níbí? Lójú àwọn èèyàn?”

“Díẹ̀ péré ni.”

Ó wo ọmọbìnrin tó ń tajà, ó wo ilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin ìdúpẹ́ kan tí a máa ń fi èdè Owé, èdè àwa ará Kàbà, kọ nígbà ìkórè. Mo tẹ̀ lé e. Bí ohùn rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, èmi náà á dẹ ìka mi. Níbi tó bá ti dúró mí, mo dúró dè é. Ọmọbìnrin náà rọra pa fáànù tó ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, láti ìgbà àìsàn rẹ̀, tí mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú orin lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó parí, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí píánò dúdú náà.

“Mo gbọ́ ara mi,” ló sọ. “Èyí la máa gbé lọ.”

Kò kọ́kọ́ rọrùn o. Ìka mi ro mí fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, nítorí títẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti kíbọ́ọ̀dù fúyẹ́fúyẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ inú akọrin ń kùn pé kò sí ìlù, títí wọ́n fi lọ gbé ìlù tiwọn wá, èyí tó sì wá dùn létí ju ti inú ẹ̀rọ lọ. Nígbà tí ọjọ́ ìkórè pé, Bàbá dá orin. Mo dẹ ìka mi sábẹ́ ohùn rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà pàápàá sì ń gbe orin náà. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá arúgbó kan dì í lọ́wọ́ mú lẹ́nu ọ̀nà, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíni ní Kàbà.

“Okun o, olùkọ́. A gbọ́ yín lónìí.”

Kò sẹ́ni tó tún sọ pé kó lọ sinmi. Òun ló ṣì ń darí wa títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀rẹ́ mi, tẹ́lẹ̀, mo rò pé iṣẹ́ ẹni tó ń tẹ píánò ni kí orin kún ilé. Ìlọrin ni mo ti mọ̀ pé kí n gbọ́ ẹni tó ń kọrin ló ṣáájú. Ẹ̀kọ́ náà ti bá mi wọlé báyìí. Tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ le láàárín èmi àti ọkọ mi tàbí àwọn ọmọ, mo máa ń gbìyànjú láti rẹ ohùn sílẹ̀ kí n lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ gan-an. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mo ń rí i ṣe, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo bá rí i ṣe, ilé wa máa ń tòrò.