Iyọ̀ Àpáta Tí Wọ́n Fi Itọ́ Mọ

Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí lọ́jọ́ náà, ọ̀nà wa ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ sì ń yọ̀ bí ilá. Ọmọ kékeré ni mí nígbà náà, ẹ̀yin ọmọ mi, àmọ́ bí mo bá rántí, ó ṣì ń rí mi lára.

Ìyá mi lóyún. Òòyì ń kọ́ wọn, àtẹ́lẹwọ́ wọn funfun báláú. Nọ́ọ̀sì fún wọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀, àmọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní oògùn òyìnbó a máa mú ọmọ inú tóbi jù, kò ní ṣeé bí. Iyọ̀ àpáta ni wọ́n ń pò sínú ẹ̀kọ gbígbóná fún ìyá mi. Ọkùnrin tó ń tà á ní Ipele sọ pé inú òkúta ni wọ́n ti ń wà á, pé ó ń fúnni lẹ́jẹ̀, ó ń lé ẹ̀yìn ríro, ó sì ń mú ọmọ inú le.

Nígbà tí iyọ̀ náà tán, wọ́n rán mi lọ ra sí i lọ́jọ́ òjò yẹn. Mi ò bá ọkùnrin náà ní ìsọ̀, mo bá gba ẹ̀yìn lọ. Abẹ́ páànù tí wọ́n ti ń sun èèpo kòkó fún ọṣẹ dúdú ni mo bá a. Eérú ló ń kó! Ibẹ̀ ni ewúrẹ́ ń sá òjò sí, wọ́n ti tọ̀ sí i, wọ́n ti yàgbẹ́ sí i, eṣinṣin bò ó. Ó fun ikun imú rẹ̀, ó nù ún sí ṣòkòtò, ó tutọ́ sínú eérú náà, ó sì ń mọ ọ́n róbótó bí ẹni ń mọ ìyẹ̀fun. Kò fọwọ́ o, tó fi ju díẹ̀ sínú abọ́ mi. Ohun tí ìyá mi ń mu nìyẹn!

Mo délé, mo ròyìn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jágbe mọ́ mi: “Olófòófó! Ta ló ní kó o lọ yọjú? Ẹ̀kọ tó ò ń jẹ, ṣé o mọ ẹni tó sẹ́ ògì rẹ̀?” Ìyá mi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ta ni ìyàwó tó máa pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ níjà?

Mi ò sọ pé ewé àti egbò ò dáa o. Ewúro wo inú rírun mi sàn, mo sì rí ọwọ́ tó fọ̀ ọ́. Lóde òní, inú ike tó ń dán ni wọ́n ń rọ àgbo sí, wọ́n á lẹ àwòrán mọ́ ọn, wọ́n á máa pariwo pé ó ń wo gbogbo àrùn. Ìdọ̀tí ayé ijọ́un, èèyàn lè fojú rí i. Ti ìsinsìnyí ti wọ aṣọ.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tún po ti àárọ̀, wọ́n gbé e wá. Ní ilé wa, ẹni tó bá gbé nǹkan mímu fúnni ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Mo kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn tọ́ ọ wò.”

Wọ́n wo inú ife náà títí. Wọ́n rọra gbé e sílẹ̀. Mo bá mú gèlè ìyá mi lórí okùn, mo fà wọ́n lọ́wọ́, a lọ dúró de mọ́tò tó máa gbé wa lọ bá nọ́ọ̀sì ní Ọ̀wọ̀.