Àga Gígùn Tó Wà Níwájú Ilé Mi

Póùn mẹ́rin la ra àga náà, àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin, póùn kọ̀ọ̀kan. Nígbà yẹn, ṣílè kan àti sísì ni búrẹ́dì, póùn kan sì lè bọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Lónìí, póùn kan ò ra búrẹ́dì tó jọjú. Owó ìtanràn tí kánsù fẹ́ bù lé mi nítorí àga yìí kan náà ì bá ra irú rẹ̀ ọgọ́rùn-ún.

Yunifásítì la wà nígbà náà, yàrá kan la jọ ń gbé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. A ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà ọjọ́rú nínú yàrá yẹn, tàwa ti aṣọ funfun wa, ṣùgbọ́n ilẹ̀ la ń jókòó sí. Ṣọ́ọ̀ṣì òyìnbó kan nítòsí wa wá kógbá sílé, wọ́n ń ta ẹrù inú rẹ̀, la bá ra àga gígùn kan. Orí la fi rù ú délé. Àwọn èèyàn ń wò wá láti inú bọ́ọ̀sì, àwa náà ń wò wọ́n.

Nígbà tí mo rí ilé gbà lẹ́bàá ọgbà ìgbafẹ́ Parsloes ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, àga náà bá mi lọ. Ó gùn ju pálọ̀ mi lọ, mo sì gbé e sábẹ́ fèrèsé níwájú ilé. Láti ìgbà náà, bí a bá ti jáde ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, ibẹ̀ làwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń jókòó sí pẹ̀lú sútánà wa, láìwọ bàtà, títí oòrùn yóò fi kúrò lójú pópó. Kálukú ló ní àyè tirẹ̀ lórí rẹ̀.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn ni lẹ́tà kánsù dé. Ẹnìkan ládùúgbò ti fẹjọ́ sùn pé mo da pàǹtírí síwájú ilé. Wọ́n ní kí n kó o kúrò láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n ó san owó ìtanràn.

Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé ni mo ṣe fèsì. A kì í kàn déédéé bá aláṣẹ ṣàlàyé, a máa ń kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ ná. Mo kọ ọ́ pé kí wọ́n má bínú, kí wọ́n dárí jì mí fún ìyọnu tí àga mi kó bá wọn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó sọ pé àga ìjókòó ni, kì í ṣe pàǹtírí. Èsì wọn dé kíákíá. Wọ́n dúpẹ́ pé mo ti gbà pé mo jẹ̀bi. Wọn ò tiẹ̀ mẹ́nu kan àlàyé mi.

Ọ̀rẹ́ mi ará Ìjẹ̀bú, ọ̀kan nínú àwa mẹ́rin yẹn, ka lẹ́tà náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ọ̀mọ̀wé! Òyìnbó ní o ṣẹ̀, o ní kó forí jì ọ́. Kí ló tún kù tó fẹ́ wádìí?”

Mo kọ lẹ́tà kejì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò sí “ẹ jọ̀ọ́” kankan nínú rẹ̀: “Mò ń jókòó lórí àga yìí. N kò ní gbé e kúrò.” N kò kọ irú rẹ̀ sí aláṣẹ rí láyé mi.

Wọ́n ní ẹnìkan ń bọ̀ wá wò ó láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀kan nínú àwa mẹ́rin ti kú nígbà náà. Àwa mẹ́ta tó kù wọ sútánà, a bọ́ bàtà wa, a jókòó, a sì fi àyè olóògbé sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà.

Ọmọbìnrin kan ló dé, káàdì kánsù wà lọ́rùn rẹ̀. Bó ṣe rí wa, orúnkún rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ kó tó rántí iṣẹ́ tó bá wá.

“Ẹ káàárọ̀ sà.”

“Háà!” ni ará Ìjẹ̀bú wí. “Ọmọ wa ni wọ́n rán sí wa!”

“Dádì, kì í ṣe èmi o, iṣẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí n ya fọ́tò àga yẹn.”

“A ò dìde,” ni mo wí. “Bó o ṣe bá a ni kó o yà á.”

Ọ̀rẹ́ wa ará Èkìtì, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wá dá a lóhùn: “Ọmọ mi, èwo ni pàǹtírí nínú wa? Nawọ́ sí i, kí wọ́n wá kó o.”

Ó fi ìwé bo ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n a rí i pé ẹ̀rín ló ń rín. Ó ya fọ́tò wa pẹ̀lú àga náà. Ó ní ohun tí èèyàn bá ń lò kì í ṣe pàǹtírí, bẹ́ẹ̀ lòun yóò kọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n á tún máa gba ibẹ̀ kọjá láìsọ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá sì ń bá a lófìfo léraléra, tí ewé bò ó, ẹjọ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀.

“Nítorí náà, ẹ máa jókòó sí i o, sà.”

Mò ń jókòó sí i. Bí òjò bá ń rọ̀, mo ń ṣí agbòjò. Ẹni tí àyè rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ti kú kí lẹ́tà kánsù tó dé. Ará Ìjẹ̀bú kú nígbà òtútù tó kọjá, ojú oorun ló gbà lọ. Ará Èkìtì wà láàyè ní àdúgbò Mayesbrook, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ò gbé e mọ́, àfi ọjọ́ Ìsinmi tí ọmọ rẹ̀ bá ráàyè fi mọ́tò gbé e wá. Èmi náà wà láàyè. Mo ti bọ́ bàtà mi, mo ti gbá ewé kúrò lórí àyè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí wọ́n máa bọ̀ wá wò ó.