Ẹyin Mẹ́rìnlélógún Bàbá Aláago

Wọ́n ní ìyàwó Bàbá Aláago gbé ọmọ jòjòló kan wálé láti ilé ìgbẹ̀bí, pé inú yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fi í pamọ́ sí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, gbogbo àdúgbò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Agbẹ̀bí ni obìnrin náà kó tó fẹ̀yìn tì, iná kì í kú nínú yàrá yẹn tọ̀sán-tòru, ọkọ rẹ̀ sì ti lọ ra ohun tí wọ́n fi ń wọn ara gbígbóná lọ́dọ̀ apòògùn, bẹ́ẹ̀ ara gbogbo wọn le. Aládùúgbò tó ń gbé òkè wọn tilẹ̀ búra pé òun gbọ́ igbe. Ọlọ́run dárí jì wá. Igbe wà lóòótọ́, akọ àparò ló ń ké.

Iṣẹ́ aago ni Bàbá Aláago fi tọ́ ọmọ mẹ́ta. Nígbà tí gbogbo ayé wá ń wo aago lójú fóònù, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dá páropáro, ọwọ́ tó ti mọ́ ohun wẹ́wẹ́ lára sì ń wá nǹkan ṣe. Ó kan àgò oníwáyà mẹ́ta mọ́ ògiri yàrá tí àwọn ọmọ ti kó kúrò, ó ra àparò mẹ́fà. Láti ìgbà náà, ọdún mẹ́fà gbáko, ṣíṣà ló ń ṣà wọ́n: akọ tí kì í ṣá ìyàwó rẹ̀ lórí, abo tí ẹyin rẹ̀ tóbi, irú àwọn wọ̀nyẹn nìkan ló ń mú.

Ìyàwó rẹ̀ a ní, "Ká ní ojú tí ẹ fi ń yan ọkọ fún àparò yìí lẹ fi bá ọmọ yín yan ọkọ, à bá ti sinmi ẹjọ́ nínú ilé yìí."

Àparò inú ilé ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sàba. Yóò yé ẹyin síbi tó bá ti bá a, yóò sì kọjá lọ bí ẹni tí kò mọ ohun tó já bọ́ lára rẹ̀. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ bá a ṣe é. Bàbá Aláago sọ àpótí aago ńlá kan tí ẹni tó ni ín kò wá gbà mọ́ di ilé ẹyin: gílóòbù méjì fún ooru, ohun tó rà lọ́dọ̀ apòògùn láti máa fi wọn ooru náà, abọ́ omi kan kí inú rẹ̀ má baà gbẹ, gíláàsì níwájú. Ó fi pẹ́ńsù sàmì sí ẹ̀gbẹ́ kan ẹyin kọ̀ọ̀kan, ó ń yí wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Tó bá di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, yíyí parí. Kò sì gbọ́dọ̀ ṣí àpótí mọ́ títí àwọn ọmọ yóò fi jáde, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún tàbí ìkejìdínlógún.

Àìṣí yẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀. Ẹni tó ń tún aago ṣe kì í wo ohun tó dúró níran, ṣíṣí ló ń ṣí i. Nínú ẹyin tó tò ṣáájú, ọmọ kan dá ihò lu, ó sì sinmi. Bàbá ṣí àpótí, ó gbé ẹyin náà sábẹ́ awò olójú kan tó fi ń wo inú aago, ó ń fi ẹ̀mú kékeré bó èèpo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yọ. Ọmọ náà kú sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù gan mọ́ inú èèpo wọn, nítorí ọ̀rinrin inú àpótí ti bá ilẹ̀kùn jáde. Nínú ọgbọ̀n, méjì péré ló yè. Kò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun ní nǹkan kan.

Ó to mẹ́rìnlélógún mìíràn. Wọn kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan nínú àpótí tí ológbò fi já wáyà àgò wọlé, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú tí tọkọtaya wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò ku àparò kan ṣoṣo. Bí ẹyin inú àpótí kò bá pa, irú tó fi ọdún mẹ́fà ṣà ti parẹ́ nìyẹn. Kò síbi tí wọ́n ti ń tà á.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejìdínlógún, ẹyin kan sán. Ẹnu pínníṣín kan yọ síta, ó wọlé padà. Títí di aago kan ọ̀sán, kò sí nǹkan mìíràn. Bàbá ti fi omi gbígbóná fọ ẹ̀mú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ náà ti gbé àga síwájú àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ìyá wọn, sún díẹ̀."

"Sún lọ síbo?"

"Mo kàn fẹ́ wò ó ni."

"Gíláàsì ni wọ́n fi ṣe iwájú ẹ̀. Ẹ wò ó láti ibi tẹ́ ẹ wà yẹn."

"Ó ti tó wákàtí méje báyìí."

"Obìnrin kan rọbí lọ́wọ́ mi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ọkọ ẹ̀ náà ń ka wákàtí sí mi létí. Mo ní kó lọ ra ọṣẹ wá."

"Kí lẹ fẹ́ fi ọṣẹ ṣe?"

"A ò fi ṣe nǹkan kan. Mo ṣáà fẹ́ kó kúrò níbẹ̀ ni."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Bàbá, ó gbé e mì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú àpótí láti ẹ̀gbẹ́ èjìká obìnrin náà.

"Tó bá kú síbẹ̀ ńkọ́? Tó bá jẹ́ ọwọ́ mi ló ń retí?"

Ìyàwó rẹ̀ gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára èèpo yẹn ló ń fà wọlé. Iṣẹ́ ló ń ṣe níbẹ̀. Mẹ́tàlélógún sì wà lẹ́yìn ẹ̀ tí ò gbọ́dọ̀ gbẹ. Kò sí èyí tó ń retí yín nínú wọn."

"Ogójì ọdún ni mo fi ń ṣí ohun tó bá dúró."

"Ẹ sì tún wọn ṣe, a dúpẹ́. Èyí kì í ṣe aago."

"Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé kì í ṣe aago ni?"

"Ẹ̀yin mọ̀. Ọwọ́ yín ni kò mọ̀."

Ó wo ọwọ́ náà. Ẹ̀mú ti wà láàárín ìka rẹ̀, kò sì rántí ìgbà tó mú un. Ó mọ ara rẹ̀: bí obìnrin yìí bá dìde lọ gbé ẹ̀wà kaná, ilẹ̀kùn àpótí yóò ṣí, òun yóò sì tún máa bẹ Ọlọ́run lẹ́yìn tó bá ti ba nǹkan jẹ́ tán.

"Tí mo bá dúró síbí," ó ní, "màá..."

"Ẹ máa kí ni? Lọ́jọ́ tí mo bí àkọ́bí wa, ẹ̀yin yìí kan náà lẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ ń bi dókítà pé ṣé kò sí nǹkan tẹ́ ẹ lè bá wọn mú dání, tí dókítà wá ní..."

Ó ti wọ bàtà. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jáde, ó sì rọra fà á dé kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé, bí ohùn ìyàwó rẹ̀ ṣe ń bá ọ̀rọ̀ lọ nínú yàrá.