Ìyá Ọbẹ̀ tí Wọ́n Ń Bù Lẹ́yìn Mi

Bí ẹ bá fẹ́ se ọbẹ̀ ilé wa, ẹ kò lè bẹ̀rẹ̀ lónìí. Àná ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń bí mi bí ẹnìkan bá yọ fóònù síta tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èròjà rẹ̀ fún mi kí n kọ ọ́ sílẹ̀." Ta ló sọ fún un pé èròjà ló ń jẹ́ ọbẹ̀? Ata rodo, tàtàṣé, àlùbọ́sà, epo pupa, irú àti edé: kò sí ilé oúnjẹ kan láti Ìkẹjà dé Agége tí wọn kò ti ní wọn. Ohun tí àwọn yòókù kò ní ni ìyá ọbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní ilé oúnjẹ wa, a kì í ta ọbẹ̀ tán. Bí ó bá ti ku bíi ṣíbí ńlá mẹ́ta nísàlẹ̀ ìkòkò, ọbẹ̀ ti tán nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló wá jẹun. Ṣíbí mẹ́ta yẹn là ń pè ní ìyá ọbẹ̀. A ó dà á sínú ìkòkò kékeré kan tó ní ọmọrí, a ó gbé e kaná nírọ̀lẹ́ kó má baà kan, a ó tún gbé e kaná ní ìdájí. Bí epo tuntun bá ti gbóná láàárọ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ wọ inú epo, kí ata tuntun tó tẹ̀ lé e. Màámi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, kò sì tíì tán rí. Àwọn kan á ní ìdọ̀tí ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Àwọn náà ni wọ́n máa ń fi búrẹ́dì nu abọ́ wọn.

Yàrá méjì péré ni ilé oúnjẹ náà, ní ìsàlẹ̀ ilé tí à ń gbé, lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan níbi tí Ìkẹjà ti ń bọ́ sí Agége. Afẹ́fẹ́ àdúgbò wa máa ń ta sánsán ṣúgà láàárọ̀. Kí oníbàárà tó lanu ni mo ti ń mọ ibi tó ti ń bọ̀: ará bisikíìtì ni ẹni tí ìyẹ̀fun wà nínú irun ìpéǹpéjú rẹ̀, ẹni tí èékánná rẹ̀ pọ́n tàbí tó dúdú, ilé-iṣẹ́ ọ̀dà ló ti wá. Wọ́n á wọlé ní ṣíìfù ṣíìfù, wọ́n á jẹun kíákíá, wọ́n á tún sáré padà.

Ẹni kẹta nínú ilé ìdáná wa ni obìnrin kan tí gbogbo ayé ń pè ní Àǹtí. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá bá Màámi ṣiṣẹ́, nígbà tí mo ṣì ń rá. Ẹ̀yìn wọn ni mo ti kọ́kọ́ mọ òórùn ata, nítorí bí wọ́n ṣe ń pọ̀n mí ni wọ́n ń ro ọbẹ̀. Àwọn ló kọ́ mi pé irú kì í wọ inú epo tó ń rú èéfín, àti pé ẹni tó bá ń tọ́ ọbẹ̀ wò léraléra, ebi ló ń pa á, kì í ṣe iyọ̀ ló ń wá. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ló máa ń dé láti Agége ní ìdájí láti wá gbé ìyá ọbẹ̀ kaná.

Mo wà ní ọdún kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga nígbà tí orúnkún Màámi dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n pè mí wá sílé, wọ́n mú mi lọ sídìí ààrò, wọ́n fi ọmọrí ìkòkò kékeré yẹn lé mi lọ́wọ́. "Láti òní lọ, ìwọ lo ni ín," ni wọ́n wí. "Àbúrò rẹ ò lọ́wọ́ ìdáná. Bí mi ò bá sí mọ́, ìwọ lo ni ilé ìdáná yìí. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bù níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ni yóò ti tọrọ." Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin nìkan ni Màámi bí. Ó parí ìwé tirẹ̀. Èmi fi tèmi sílẹ̀. Kò sí ẹni tó fi tipá mú mi, ìlérí yẹn ló mú mi, mo sì fi yangàn kiri bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Àbúrò mi ta fóònù díẹ̀ ní ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà, ó gbéyàwó, òun àtìyàwó rẹ̀ wá ṣí ilé oúnjẹ tiwọn sí Ìlúpéjú. Màámi sọ fún mi pé jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìẹ díndín ni wọ́n ń tà, oúnjẹ àwọn ará ọ́fíìsì. Inú mi dùn sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, mo ṣe àmín títí ọ̀fun mi fi gbẹ.

Lẹ́yìn bí oṣù mélòó kan ni ìyá ọbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Màá ṣí ọmọrí láàárọ̀, ṣíbí mẹ́ta tí mo fi sílẹ̀ kò ní pé méjì. Ọbẹ̀ náà kò sì jọ ara rẹ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì gbé abọ́ rẹ̀ wá bá mi, ó ní, "Sìstá, ọbẹ̀ yìí ti fẹ́ máa jọ tìyàwó mi o. Ṣé torí irú ẹ̀ ni mo ṣe sá kúrò nílé?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Mo bi Màámi. Wọ́n ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, wọn kò wojú mi. "Ẹni tó ń wọ ilé ìdáná kó o tó wọ̀ ọ́ ni kó o bi," ni wọ́n wí.

Mo mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Ó yẹ kí n bi Àǹtí léèrè bẹ́ẹ̀, kí n pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n oníbínú ènìyàn ni mí, mo sì ti pa á mọ́ra fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ilé kún fún oníbàárà, mo já báàgì wọn gbà, mo tú u sórí tábìlì. Mo rí ṣálì wọn, mo rí tẹ̀sùbáà wọn, mo sì rí abọ́ onídèérí kan tí ọbẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọbẹ̀ oúnjẹ ọ̀sán wọn ni. Láti kékeré ni mo ti ń rí i tí Màámi fúnra wọn ń bù ú fún wọn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo gbé e sókè.

"Ẹ wá wò ó o! Ẹ̀yin tí mò ń pè ní ìyá! Ìyá ọbẹ̀ wa lẹ ń bù lọ fún wọn l'Ágége!"

Àǹtí kò wò mí. Màámi ni wọ́n ń wò. Màámi ń yí ìrẹsì nínú ìkòkò ńlá, ọwọ́ wọn kò dúró. Ó pẹ́ kí Àǹtí tó gbójú kúrò lára wọn, mo sì rò pé ẹ̀bẹ̀ ni ojú yẹn ń bẹ̀. Wọ́n tú épúróònù wọn, wọ́n ká a, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé e lórí. Wọ́n ní, "Àlhájà, mò ń lọ o." Màámi dá wọn lóhùn pé, "Ó dàbọ̀." Ó parí síbẹ̀.

Láti ìgbà náà, Màámi ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìyá ọbẹ̀ kaná ní ìdájí, tí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán. Wọ́n ní kí n máa fi ṣíbí mẹ́rin sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí adùn rẹ̀ lè padà. Láàárọ̀ màá bá mẹ́ta. Mo ní iná ló ń fà á gbẹ. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé, "Ṣé ẹ ti rí i pé láti ìgbà tí olè ti lọ, nǹkan ti ń pé?" Òpè pọ̀ láyé, ṣùgbọ́n èyí tó gbójú bíi tèmi kò wọ́pọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé ìyá ọbẹ̀ kaná, mo jókòó ti fóònù, ó sì jó. Kì í ṣe jíjó tó burú, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí Màámi mọ̀. Mo já efinrin lẹ́yìnkùlé, mo rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, mo dín in pẹ̀lú àlùbọ́sà, mo dà á sí i láti fi bo èéfín mọ́lẹ̀. Ọ̀fìnkìn ń ṣe Màámi lọ́sẹ̀ yẹn, wọn kò gbóòórùn kankan. Àwọn oníbàárà jẹ ẹ́, wọ́n kàn ń bi mí bóyá ẹnìkan ń ṣàìsàn inú nílé wa ni. Kò sí ẹni tó ń fi efinrin sí irú ọbẹ̀ wa yìí. Bí ẹ bá ń sè é, ẹ má fi sí i.

Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tí a ta ọbẹ̀ eléfinrin yẹn, mo gbé ẹ̀rọ ìlọta wa lọ sí Ìlúpéjú fún àtúnṣe. Ẹni tó ń tún un ṣe ní kí n padà wá ní aago méjì. Ebi ń pa mí, mo sì ronú pé kí n yà kí àbúrò mi. Kò sí níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ni mo bá. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó bi mí bóyá jọ̀lọ́ọ̀fù ni kó bù wá. Mo wo abọ́ ọkùnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: ìrẹsì funfun, ọbẹ̀ ata, pọ̀nmọ́, ẹyin. Mo ní irú ìyẹn ni mo fẹ́. Ó ní ó ti tán. Mo fi ọwọ́ tọ́ka sí ìkòkò tó ń hó lẹ́yìn rẹ̀.

Ó bù ú wá. Ṣíbí àkọ́kọ́ ni mo jẹ tí mo ti mọ̀. Efinrin wà níbẹ̀, kò pọ̀, èéfín sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo jẹ ẹ̀ẹ̀kejì, bóyá ẹnu mi ló ń purọ́. Àṣìṣe tí mo fi pamọ́ fún ìyá mi ni mò ń jẹ ní Ìlúpéjú, lórí tábìlì àbúrò mi.

"Níbo lẹ ti rí ọbẹ̀ yìí?" ni mo bi í.

Ó fi aṣọ nu tábìlì tí kò dọ̀tí. "Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé ẹ mọ̀ ni. Màámi ní ẹ mọ̀. Dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ kan ló máa ń bá wa gbé e bọ̀ láràárọ̀. Tiwa máa ń kan ni, Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ bẹ́ ẹ ṣe ń tọ́jú ẹ̀."

Mo dìde. Mi ò rántí ẹ̀rọ ìlọta mọ́. Maryland ni mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé mò ń sunkún, nígbà tí obìnrin kan níbùdókọ̀ bi mí pé ta ló kú.

Mo bá Màámi lórí ẹní ìkírun. Mi ò jẹ́ kí wọ́n dìde. "Màámi, ẹ̀yin lẹ ń bù ú."

Wọn kò sẹ́. Ìyẹn ló dùn mí jù, pé wọn kò tilẹ̀ wá irọ́ fún mi. "Ọbẹ̀ mi ni mo bù," ni wọ́n wí. "Ọmọ mi ni mo bù ú fún. Èwo ni olè níbẹ̀?"

"Ẹ ní ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti máa tọrọ."

"Bí mo bá ní kó wá tọrọ lọ́dọ̀ rẹ, ṣé wàá fún un?"

Mi ò mọ̀ bóyá ǹ bá fún un. Wọn kò jẹ́ kí n mọ̀. Mo ní, "Àǹtí wá ńkọ́, ẹni tí mo pè ní olè lójú gbogbo ayé tí ẹ sì ń yí ìrẹsì?" Màámi nu ojú wọn. "Ọjọ́ kan ló wọlé bá mi níbi tí mo ti ń bù ú. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹ. Ó gbà. Mi ò mọ̀ pé o máa tú báàgì ẹ̀."

Mo lọ sí Agége lọ́jọ́ kejì. Àǹtí jókòó níwájú yàrá wọn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sunkún, mo ní Màámi ti tà mí, àbúrò mi ti tà mí, ilé tí mo fi ìwé sílẹ̀ fún ti tà mí. Mo sọ̀rọ̀ ara mi títí, kí n tó wá rántí pé ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n padà.

Wọ́n jẹ́ kí n parí. Wọn kò bínú, ohùn wọn kò tilẹ̀ lọ sókè.

"Ìyá ẹ fi mí sílẹ̀ torí kí ọmọ ẹ̀ lè jẹun," ni wọ́n wí. "Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo mọ ìdí ẹ̀. Ìwọ tí mo pọ̀n, o ò tiẹ̀ bi mí. Tìẹ ńkọ́, kí ni wọ́n fún ẹ tó o fi tà mí?"

Wọ́n sún àtẹ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè ráyè jókòó, ṣùgbọ́n wọn kò ní kí n bá wọn ṣà á.