Ọtí Tí Ọkọ Ìyàwó Kọ́kọ́ Tọ́ Wò

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé ní abúlé wa lọ́nà Tchaada, èmi ni mo máa ń fọ ẹní bí àwọn bàbá bá mutí tán. Ẹ̀yin ọmọ mi, òórùn sódábì, ọtí líle tí a fi ẹmu sè, tó ti wọ ọ̀fun ènìyàn tó tún padà jáde ṣì ń rí mi lára títí dòní.

Ọmọkùnrin kan láti Ko-Koumolou fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lójúde, yóò gbàgbé ọbẹ̀ sórí iná. Lọ́jọ́ ìtọrọ, ó gbé sódábì wá. Àṣà wa ni pé ẹni tó gbé ọtí wá ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ará ilé lè mọ̀ pé kò sí májèlé nínú rẹ̀.

Ife kékeré kan péré ló mu. Kíá, ojú rẹ̀ pọ́n, nǹkan sú sí i lọ́rùn, ó sì bì sórí ẹní. Ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá, bí ara mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn.”

Àbúrò bàbá mi dìde. “Bọ̀n, ẹ ò rí i fúnra yín? Ó ti fi nǹkan sínú ọtí yìí.”

Bàbá mi ní kó máa lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n títí.

Ọmọ ọlọ́mọ kò tíì dé títì tí wọ́n fi fa ìgò tí wọ́n ní májèlé wà nínú rẹ̀ sọ́dọ̀, wọ́n sì mu ún gbẹ. Ọtí kan náà o! Bàbá mi ń bú aládùúgbò tí kò ṣe é ní nǹkan kan, àbúrò rẹ̀ ń sunkún ìyá wọn tó ti kú tipẹ́, ẹ̀gbọ́n wọn sùn lọ, ó tọ̀ sára. Ọ̀rẹ́ wọn kan, ará Daagbé, mu ju gbogbo wọn lọ, ojú rẹ̀ ò tilẹ̀ yí. Kò sẹ́ni tó kú. Síbẹ̀ wọn ò pe ọmọkùnrin náà padà. Ará Daagbé yẹn ni wọ́n fún ní ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ọkùnrin gidi ni. Ọtí tí kì í pa á ló ń mu láràárọ̀ títí inú rẹ̀ fi wú, tó sì kú. Ìwà àgbà wo nìyẹn? Wọ́n kó mi nírìíra.

Ayé ti yí padà. Nígbà tí wọ́n wá tọrọ ọmọ ọmọ mi láìpẹ́ yìí, ọkọ ìyàwó ní ọtí kò bá òun lára mu. Àwọn bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un, ó sì tán síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti darúgbó, dìde láàárín wa, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Mo tẹ̀ lé e.

Ó ní, “Àbúrò mi, ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyẹn?”