Omi Inú Búta Bàbá Géètì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ọjọ́ tí ìyá ìyá mi wá láti mú mi kúrò nílé àwọn sísítà. Ọjọ́ Sunday nìkan la máa ń rí fóònù lò, ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó sọ ọ́!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé Kátólíìkì ni bàbá mi, Mùsùlùmí ọmọ Gàmbàrí ní Ìlọrin ni màmá mi. A ń ṣọdún Iléyá, a ń ṣe Kérésì, kò sí ìjà. Àmọ́ nígbà tí mo ní mo fẹ́ di sísítà, Ìyá Gàmbàrí (orúkọ tá à ń pe ìyá àgbà nìyẹn) yarí. Kì í ṣe ẹ̀sìn ló dùn wọ́n. Wọ́n gbọ́ pé iṣẹ́ ilé ni mò ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, èmi tí mo jáde yunifásítì! Màmá mi náà wá ní bí ìyá òun ò bá ṣàdúà fún mi, òun ò ní wá síbi tí mo ti máa jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ṣé ọkàn mi lè balẹ̀ láìsí ìyá mi níbẹ̀?

Nílé àwa sísítà, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ la ń pín iṣẹ́. Bó o bá gbálẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, wàá fọ ìkòkò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mọ́dà, olórí wa, náà ń ṣe tiẹ̀. A kì í sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, torí ara àdúrà ni.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀! Ìyá Gàmbàrí sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n bá sísítà méjì níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ. Àwọn yẹn kúnlẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn ò fọhùn. Ní Ìlọrin! Kẹ́ ẹ rí àgbà, kẹ́ ẹ má kí i? Kí Mọ́dà tó sáré jáde, ojú Ìyá ti le.

Èmi wá yọ, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi méjì dání, ẹrẹ̀ kún ẹsẹ̀ mi.

"Súbúánáláì! Ọmọọ̀dọ̀ ni wọ́n fi ọ́ ṣe! Lọ kó ẹrù ẹ."

Mo bẹ̀ wọ́n, Mọ́dà bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́. Àkókò ìrun Alásárì wá tó. Wọ́n ní àwọn á kírun ná, ká tó jọ máa lọ. Wọ́n lọ sẹ́nu géètì, níbi tí Bàbá Sáláù tó ń ṣọ́ géètì wa máa ń tẹ́ ẹní ìrun ẹ̀ sí.

Wọ́n gbé búta tí bàbá fi ń ṣe àlùwàlá, ó kún dẹ́nu. Wọ́n béèrè ẹni tó ń pọnmi sí i. Bàbá ní ẹni tí omi bá kàn lọ́sẹ̀ náà ni, pé òun ò bẹ̀ wọ́n rí, òun ò sì bá a lófìfo rí.

"Ọmọ yín yìí ló kàn. Kó tó pọn ti ilé ìdáná, tèmi ló kọ́kọ́ ń pọn."

Mi ò mọ̀ pé bàbá ń wò mí!

Ìyá fi omi náà ṣe àlùwàlá. Wọ́n kírun, wọ́n pẹ́ lórí ẹní, wọ́n wá pè mí.

"Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi ni mò ń pọn omi sí gbogbo búta ilé kéú bàbá mi. Kò sẹ́ni tó pè mí lọ́mọọ̀dọ̀. Láádá lọ́dọ̀ Ọlọ́hun ni wọ́n ní mò ń wá." Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi. "Lọ ṣan ẹrẹ̀ yìí. Ọlọ́hun á gbà á lọ́wọ́ ẹ."

Àdúà náà nìyẹn o! Mo sunkún, mi ò tijú.

Wọn ò gbàgbé ọ̀rọ̀ ìkíni ṣá. Wọ́n sọ fún Mọ́dà pé àdúrà ò ní kéèyàn má kí àgbà. Mọ́dà gbà! Ní báyìí, a máa ń sọ pé "ẹ káàbọ̀" ká tó padà dákẹ́.

Màmá mi wá lọ́jọ́ ẹ̀jẹ́. Ìyá Gàmbàrí fi nǹkan rán wọn sí mi: búta tuntun, torí wọ́n ti rí i pé ẹnu búta Bàbá Sáláù ti sán.

Èmi ti gbà pé iṣẹ́ téèyàn ṣe torí ẹlòmíì kì í kéré. Ẹ̀yin ńkọ́? Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe nílé tẹ́ ẹ rò pé kò sẹ́ni tó ń wò yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, màá kà á lọ́jọ́ Sunday, tí mo bá ti pọnmi tán.